Kí ajá tó dé odò ni ewu ti ń bẹ̀rẹ̀

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Mo gbádùn ohun tí ẹ kọ nípa mímú ajá rìn lọ sódò nígbà ooru. Òótọ́ lẹ sọ: bí ajá bá gbọ́ òórùn omi lókèèrè, tí etí rẹ̀ nà ṣánṣán, tó wá ń fa okùn mọ́ni lọ́wọ́, inú ẹni tó mú un dání náà á dùn ni. Ṣùgbọ́n odò nìkan lẹ sọ̀rọ̀ lé. Ẹ ò mẹ́nu kan ọ̀nà odò, ọ̀nà yẹn ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ajá mi.

Aago 11 àárọ̀ la gbéra. Ìrìn wákàtí kan péré ni, mo ní a ó débẹ̀ kí oòrùn tó le jù. Nígbà tí a rìn dé ìdajì ọ̀nà, ajá mi yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpáta kan, ó dùbúlẹ̀ sínú ibòòji tí kò ju ẹní kékeré lọ. Mo pè é, ó dìde. Ó tún dùbúlẹ̀, mo tún pè é, ó tún dìde. Ìgbà kẹta ni mo tó tẹjú mọ́ ọn: ahọ́n rẹ̀ fẹ̀ bí ewé, ó pọ́n kọjá bó ṣe yẹ, itọ́ ẹnu rẹ̀ ń fà bí oje igi, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ò gbé e mọ́.

Wọ́n ní ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Èyí gbọ́ o. Èmi tí mò ń fọn fèrè ni mi ò gbọ́ tiẹ̀.

Ajá kì í làágùn bíi tiwa. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ló ti ń làágùn díẹ̀. Mímí hẹlẹhẹlẹ ló fi ń lé ooru jáde. Ìwọ̀n ooru ara ajá tí ara rẹ̀ le kì í sábà ju 39 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bó bá fi kọjá 41, ọ̀rọ̀ ti di ti ẹ̀mí. Èyí tí imú rẹ̀ pẹlẹbẹ, bíi pug àti bulldog, kì í pẹ́ débẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni èyí tó sanra àti èyí tó ti darúgbó.

Gbogbo omi tó kù lọ́wọ́ mi ni mo dà sí i lára, mo ń fi fìlà fẹ́ atẹ́gùn sí i. Ẹnì kan tó bá wa níbẹ̀ ní kí n fi omi sílẹ̀, kí n kàn gbé e sáré. Mi ò dá a lóhùn. Dókítà ẹranko sọ fún mi lẹ́yìn náà pé omi yẹn ló gbà á là, pé à á kọ́kọ́ tu ara ajá ná, ká tó gbé e.

Ẹ jọ̀wọ́, bí ẹ bá tún kọ nípa ìrìn yìí, ẹ kọ àkókò sí i: ìdájí, kí ilẹ̀ tó gbóná. Kéèyàn fi ẹ̀yìn ọwọ́ lé ilẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 7; bí kò bá lè gbà á, kí ajá má tẹ̀ ẹ́. Kí omi mímu ajá sì wà nínú àpò, bó ti wù kí odò súnmọ́ tó, torí omi tí kò ṣàn, tí nǹkan aláwọ̀ ewé ki lójú rẹ̀ bí ọ̀dà, lè ní májèlé tó ń pa ajá láàárín wákàtí díẹ̀, tí kò sì ní ẹ̀rọ̀.

A ṣì ń lọ sódò, èmi àti ajá mi. Bó bá dùbúlẹ̀ lọ́nà, èmi náà á jókòó tì í títí yóò fi dìde fúnra rẹ̀.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín