Inú bọ́ọ̀sì ni wọ́n ti ń na àwọn ọmọ wa

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka lẹ́tà ẹni tó kọ̀wé sí yín lọ́sẹ̀ tó kọjá, tó ní àwọn ọmọ ilé ìwé gíga wa tó ń gbá báskẹ́ẹ̀tì kàn ń jáyé kiri ni, pé wọ́n á wọ bọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́, wọ́n á jẹun ọ̀fẹ́ nílùú onílùú, wọ́n á sì fìdí rẹmi padà wálé. Mo rẹ́rìn-ín títí ìyàwó mi fi bi mí pé kí ló dé. Èmi ni mo wa bọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́ yẹn! Ọdún mẹ́sàn-án gbáko ni mo fi gbé ẹgbẹ́ báskẹ́ẹ̀tì ilé ìwé kan lápá Ìjẹ̀bú níbí kiri, ọkùnrin àtobìnrin. N ò ní dárúkọ ilé ìwé náà torí díẹ̀ nínú owó mi ṣì wà lọ́wọ́ wọn.

Họ́mà bọ́ọ̀sì ni ọkọ̀ ọ̀hún, irú èyí tó kún gáréèjì gbogbo, àwọn tó ṣe é ò sì ro ti ẹni tó ga. Agbábọ́ọ̀lù méjìlá, kóòṣì, igbákejì ẹ̀, màmá tó ń tọ́jú àwọn obìnrin, àpò bọ́ọ̀lù, kúlà omi, gbogbo ẹ̀ la máa kó síbẹ̀. Ọmọ kan wà tí àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ń pè ní Òpó NEPA, tó bá ti jókòó, orúnkún ẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa sùn, á gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé orúnkún, tó bá fi máa sọ̀ kalẹ̀, irin àga iwájú á ti fa ilà sí i lójúgun bí ẹni tí wọ́n kọlà fún lẹ́sẹ̀. Aboniki ńkọ́? Gbogbo wọn ló ń fi para, tí a bá ti gbé gíláàsì sókè torí òjò, èmi tí mi ò ju bọ́ọ̀lù kankan náà á máa da omi lójú. Ìyàwó mi ní òórùn ẹ̀ ò kúrò lára aṣọ mi láti ọdún yìí wá.

Ẹ jẹ́ n wá sọ ti Ìlọrin fún yín. Aago mọ́kànlá àárọ̀ ni géèmù, ó yẹ ká ti dé láti ọjọ́ tó ṣáájú, àmọ́ owó ibi tí a máa sùn ò jáde, wọ́n ní ká sáà gbéra lóru. Aago mẹ́rin ò tíì lù tí mo fi ṣáná sọ́kọ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde. Àwọn Mùsùlùmí inú wọn gbàdúrà, àwọn Kìrìsìtẹ́nì gbàdúrà, èmi náà rọra wúre fún Ògún lábẹ́ ahọ́n torí irin ni mo dì mú. Ìbàdàn ò yọ wá lẹ́nu, a ti dé Ọ̀yọ́ kí oòrùn tó yọ, àfi bí a ṣe kọrí sí Ògbómọ̀ṣọ́, ẹni tó bá rin ọ̀nà yẹn nígbà náà á mọ ohun tí mò ń wí, kòtò tó lè gbé màlúù mì, tírélà lẹ́yìn tírélà, ọ̀kan sì ti dùbúlẹ̀ gbalaja sójú títì, a ò lè lọ a ò lè bọ̀, wákàtí méjì àbọ̀. Kóòṣì ń wo aago ọwọ́ ẹ̀, mo ní kó bọ́ ọ sápò jàre, ó ń dà mí láàmú.

Aago mọ́kànlá ku ogún ìṣẹ́jú ni mo wọ ọgbà wọn. Inú bọ́ọ̀sì làwọn ọmọ ti wọ jẹ́sì. Wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n di ìbàdí mú bí arúgbó tó lọ gba owó ìfẹ̀yìntì, bẹ́ẹ̀ àwọn onílé ti ń sá kiri láti àárọ̀, ara wọn ti yọ́. Rẹfirí ju bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ sókè, Òpó NEPA fò, òun ló kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án, ṣùgbọ́n bó ṣe balẹ̀ báyìí ni iṣan ẹsẹ̀ ẹ̀ fà, wọ́n gbé e wá jókòó tì mí lórí kúlà. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni kúọ́tà kan. Kí kúọ́tà àkọ́kọ́ tó parí, àwọn onílé ti ní 24, àwa 6. Lẹ́yìn ìyẹn lara àwọn ọmọ wá sílé, Òpó NEPA náà padà wọlé, wọ́n ń lé wọn bọ̀, wọ́n ń lé wọn bọ̀, àmọ́ àkókò ti lọ, 63 sí 58 ló parí sí. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀ o. Láti kúọ́tà kejì títí dópin, 52 làwọn ọmọ wa jù sáwọ̀n, 39 làwọn onílé jù. Ta ló wá nà wọ́n? Nígbà tí a padà délé, ẹni tí owó ibùsùn wà lọ́wọ́ ẹ̀ gan-an ló kọ́kọ́ bi mí pé, "Bàbá dírẹ́bà, wọ́n tún ti na àwọn ọmọ yín?"

Bí owó ibùsùn bá tiẹ̀ jáde, kíláàsì ni. Ẹ máa to tábìlì pọ̀, ẹ máa tan kọ́ìlì ẹ̀fọn, aago mẹ́rin ààbọ̀ làwọn obìnrin á ti jí lọ wẹ̀ kí ọkùnrin tó jí, màmá á dúró lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Oúnjẹ tó dájú ni gàrí Ìjẹ̀bú tí kálukú gbé wá láti ilé, ẹ má fi gàrí ibòmíì wé e. Ọmọbìnrin kan wà, láti Òrè títí a fi wọ Ìjẹ̀bú-Òde, ó ń fi iná fóònù ka handout, bọ́ọ̀sì ń jó, ìwé ń jó, torí tẹ́ẹ̀sì wà láàárọ̀ ọjọ́ kejì, lẹ́kúrà ẹ̀ sì ti ní òun ò mọ̀ nípa bọ́ọ̀lù kankan. Ṣé ìyẹn náà ń jáyé?

Kò kúkú jẹ́ ibi jíjìn nìkan la ti ń rí nǹkan. Ọjọ́ kan ní oṣù keje, ibí yìí náà ni, wọ́n ní Agẹmọ ń bọ̀ lọ́nà, ẹ̀yin ọmọ Ìjẹ̀bú ẹ mọ̀ pé obìnrin ò gbọdọ̀ rí i. Mo pa iná ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, gbogbo àwọn ọmọbìnrin dùbúlẹ̀ sáàárín àga, màmá náà dùbúlẹ̀ tì wọ́n, a fi jẹ́sì bò wọ́n lórí. Ọ̀kan tó jẹ́ ará Benue ń bi mí lábẹ́ jẹ́sì pé, "Daddy, ṣé wọ́n ti lọ?" Mo ní kó panu mọ́. A kúkú borí lọ́jọ́ yẹn.

Àwọn obìnrin yìí náà ló rọ́ bo fóònù kan ṣoṣo ní August 2024, nígbà tí D'Tigress, ẹgbẹ́ báskẹ́ẹ̀tì obìnrin Nàìjíríà, dé kọ́tà-fáínà Òlíńpíìkì ní Paris, ibi tí ẹgbẹ́ báskẹ́ẹ̀tì Áfíríkà kankan, ọkùnrin tàbí obìnrin, ò dé rí. Ọ̀kan ní, "Bàbá, ṣé irú bọ́ọ̀sì yìí ni wọ́n fi ń gbé àwọn náà?" N ò mọ èsì tí mo lè fún un.

Ohun tí mo tìtorí ẹ̀ kọ̀wé gan-an nìyí. Kóòṣì wa ló là mí lójú níjọ́ kan tá a jọ ń bọ̀ láti Àkúrẹ́. Ó ní Hakeem Olajuwon tiwa yìí, ìlúmọ̀ọ́ká agbábáskẹ́ẹ̀tì, tó kúrò l'Ékòó lọ sí Yunifásítì Houston ní 1980, àwọn ilé ìwé tí wọ́n jọ wà nínú ìsọ̀rí kan náà, Texas níbẹ̀ ni gbogbo wọn wà àyàfi ọ̀kan tó wà ní Arkansas, àwọn yẹn ni wọ́n jọ máa ń gbá a lọ gbá a bọ̀ kí wọ́n tó lọ bá àwọn tó jìnnà. Mo ní háà, àwa ńkọ́? Yunifásítì OOU wà l'Ágọ̀ọ́-Ìwòyè, ti Tai Solarin wà n'Íjagun, Poli wà n'Íjẹ̀bú-Igbó, òmíì wà ní Sàápadé, Babcock wà n'Ílíṣàn. Tí ọ̀nà bá gbà, kò sí èyí tí mi ò lè débẹ̀ láti Ìjẹ̀bú-Òde láàárín wákàtí kan. Ọmọ á ti kíláàsì jáde, á lọ gbá bọ́ọ̀lù, á padà sùn sórí bẹ́ẹ̀dì ara ẹ̀. Ọdọọdún la lè ṣe líìgì Ìjẹ̀bú-Rẹ́mọ báyìí, ká má kàn máa retí NUGA, ìdíje àwọn yunifásítì, àti NIPOGA, tàwọn poli, nìkan. Gbogbo Nàìjíríà la gbà lálejò ní May 2025 nígbà tí àjọ̀dún eré ìdárayá wá sí Ògùn, ká wá sọ pé a ò lè gba ara wa lálejò kẹ̀? Tó bá sì wá di dandan ká lọ ibi jíjìn, ẹ jẹ́ káwọn ọmọ dé ní ọjọ́ kan ṣáájú, ẹ sì fún wọn ní bọ́ọ̀sì Coaster tẹ́sẹ̀ á lè nà nínú ẹ̀, kò pọ̀ jù.

Ẹ bá mi gbé e jáde, bóyá àwọn tọ́rọ̀ kàn á rí i. Tí líìgì Ìjẹ̀bú-Rẹ́mọ yẹn bá sì bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n ń wá dírẹ́bà, líṣẹ́ǹsì mi ò tíì kú.

Èmi ni,
Bàbá dírẹ́bà,
Ìjẹ̀bú-Òde.