Kọ́lá, bá mi pe Bàbá

Kọ́lá ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà ní Leeds? Ṣé òtútù ò tíì mú ẹ gbàgbé wa? Àárò rẹ ń sọ mí, pàápàá nírọ̀lẹ́ tí Tanímọ̀la ajá rẹ bá jókòó sẹ́nu géètì yín tó ń wo ojú ọ̀nà.

Ara ẹ̀ ò yá o. Eégbọn ti kún inú etí rẹ̀ méjèèjì, wọ́n mẹ̀jẹ̀ yó, wọ́n wú bí ẹ̀wà tí a rẹ sómi. Bàbá wá ní àwọn máa pe ọkùnrin tó ń gún ajá labẹ́rẹ́ káàkiri àdúgbò yẹn. Ivermectin tí wọ́n ń fún màálù ló ń gbé kiri! Ó ní ó ń pa eégbọn, ó ń pa aràn, ó ní sírínjì kan ti tó. Kọ́lá, mìlílítà 1 oògùn yẹn, màálù oníkílò 50 ló wà fún. Mo gbé Tanímọ̀la gun òṣùwọ̀n, mo tún gùn ún lémi nìkan, mo yọ tèmi kúrò: kílò 14 péré. (Má bi mí ní tèmi.)

O sì mọ̀ pé collie, irú ajá òyìnbó kan, ni ìyá ẹ̀. Dókítà ẹranko ní Alábàtà sọ fún mi pé àwọn collie mìíràn wà tí ara wọn ò lè dí oògùn yẹn lọ́nà kó má wọ ọpọlọ. Tó bá pọ̀ jù, itọ́ á máa dà, ẹsẹ̀ á máa yẹ̀, ojú lè fọ́, ajá sì lè sùn kó má jí mọ́. Ó ní kí n gbé e wá, òun á wọ̀n ọ́n, òun á yan èyí tó bá a mu.

Ìyá Rísì tún ní kí n po òtapiapia mọ́ omi, kí n fi wẹ̀ ẹ́. Ajá tó ń fi ahọ́n lá ara ẹ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀! Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ mo ti gbé ìgò náà pamọ́.

Ṣadé ti bímọ, ọkùnrin ni. Iná ò sí. Ọjà ò ṣeé sún mọ́.

Kọ́lá, Sátidé ni ọkùnrin yẹn ń bọ̀. Bàbá ò ní gbọ́ tẹnu mi, ọmọdé tó ń jí máńgòrò wọn ni mo ṣì jẹ́ lójú wọn. Jọ̀ọ́, pè wọ́n kílẹ̀ ọ̀la tó ṣú. Sọ pé ajá rẹ ni, kí wọ́n jẹ́ kí n gbé e lọ sí Alábàtà. Tó o bá rí owó ọkọ̀ fi ránṣẹ́, ó dáa. Tó ò bá rí, màá wá nǹkan ṣe sí i.

Má dárúkọ mi o. O mọ Bàbá.

Èmi ni,
Bísí