Lẹ́tà sí Àdùkẹ́, ọmọ tí mo sọ ní Bọ́tà

Àdùkẹ́ mi,

Mo pè ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ Sọ́ńdè, o ò gbé e, kò burú, mo mọ̀ pé o rí i. Bàbá ẹ ti sọ fún mi. Ó ní àwọn kan láti Èkó ní kóo wá bá àwọn ṣe fíìmù Yorùbá, ipa kékeré ni, ọmọ tó ti ìlú òyìnbó dé wá sìnkú bàbá bàbá ẹ̀, ìwọ tó jẹ́ pé látìgbà tóo ti ń wọ yunifọ́ọ̀mù lo ti ń pariwo eré ṣíṣe, o wá ní o ò ṣe, o ní ẹnu ẹ ò dáa. Nígbà tí bọ̀ọ̀dá mi sọ ọ́ débẹ̀ ó dákẹ́ lórí fóònù, èmi náà dákẹ́, torí àwa méjèèjì la mọ ibi tọ́rọ̀ ẹnu yẹn ti wá.

Kérésì 2022 ni, nínú pálọ̀ wa n'Íbàdàn. Màmá fẹ́ bu iyán lé èyí tóo jẹ kù, o fọwọ́ bo àwo, o ní "Màmá, ẹ ṣé, mo ti yọ́." O fẹ́ sọ pé o ti yó. Èmi ni mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Èmi náà ni mo ní "ṣé bọ́tà ni ẹ́ ni, tóo fi yọ́?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, àwọn kọ́sìn ẹ gbà á lẹ́nu mi, kílẹ̀ tó ṣú o ti di Bọ́tà. Bọ́tà bá wa gbé omi wá. Bọ́tà, ẹnìkan ń pè ẹ́ níta. Ìwọ náà rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn o, àmọ́ látìgbà yẹn títí tẹ́ẹ fi wọ báàlù padà, òyìnbó lo fi ń dá gbogbo èèyàn lóhùn, mo sì rí i, mo kàn ṣe bí ẹni tí ò rí i.

Mi ò fẹ́ fi gígùn lẹ́tà yìí bo ọ̀rọ̀ yẹn mọ́lẹ̀, torí náà kí n tètè sọ ọ́. Jọ̀ọ́, má bínú sí mi. Èmi tí mo jẹ́ àgbà ni mo ṣe ohun tọ́mọdé ń ṣe.

Ó wá ku obìnrin kan tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀ fún ẹ, torí Bromley tẹ́ẹ̀ ń gbé ní England yẹn gan-an lòun náà ti dàgbà. Maggie Cheung, òṣèrébìnrin fíìmù Hong Kong. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nílé wọn ni Cheung Man-yuk. Hong Kong ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1964, ọmọ ọdún mẹ́jọ ló wà nígbà tí àwọn òbí ẹ̀ kó o lọ sí England. Ọmọ ọdún mẹ́jọ, Àdùkẹ́! Bó ṣe rí fún ìwọ náà nìyẹn, ọjọ́ tí mo sìn yín dé pápákọ̀ Ìkẹjà tóo ń sunkún pé o ò tíì dágbére fún ọ̀rẹ́ ẹ kan. Nígbà tó di ọmọ ọdún méjìdínlógún, ó lọ hólídè sí Hong Kong, hólídè yẹn ò sì parí mọ́, torí wọ́n rí i, wọ́n ní kó wá máa ya fọ́tò ìpolówó ọjà, lọ́dún 1983 ó wọ ìdíje Miss Hong Kong ó ṣe ipò kejì, ọdún tó tẹ̀ lé e ó ti wà nínú fíìmù.

Inú Police Story ti Jackie Chan lèmi àti bàbá ẹ ti kọ́kọ́ rí i. 1985 ló jáde àmọ́ ó pẹ́ kó tó dé àdúgbò wa, kásẹ́ẹ̀tì fídíò ni, wọ́n ti dà á kọ láti ọ̀dọ̀ ẹni dé ọ̀dọ̀ ẹni tó bẹ́ẹ̀ tí ojú àwọn inú ẹ̀ fi ń gbọ̀n rìrì. Bàbá ẹ ń fò látorí àga kan bọ́ sórí ìkejì (má sọ fún un pé mo sọ fún ẹ, ó ya àga kan, èmi ni wọ́n nà). Ní ti ọmọbìnrin inú ẹ̀, ohun tí mo rántí ò ju pé ó ń bínú sí bọ́ìfúrẹ́ǹdì ẹ̀, ó sì gbé kéèkì lù ú lójú. Ó tán. Nígbà tí wọ́n ṣe apá kejì lọ́dún 1988, irin bà á lórí lójú iṣẹ́, orí bẹ́ jẹ̀, síbẹ̀ àwọn èèyàn ò kà á sí òṣèré. Àwọn ará ibẹ̀ ní orúkọ tí wọ́n máa ń pe irú obìnrin bẹ́ẹ̀, fáàsì òdòdó ni wọ́n ń pè é. Nǹkan tí wọ́n ń gbé sórí tébù kí pálọ̀ lè dùn ún wò, tí ò sí ohun míì tó ń ṣe. Bọ́tà tiẹ̀ nìyẹn.

Nǹkan míì tún wà tí mi ò mọ̀ nígbà yẹn. Ọ̀pọ̀ fíìmù Hong Kong ayé ìgbà yẹn, wọn kì í gba ohùn sílẹ̀ lójú iṣẹ́, ó dìgbà tí wọ́n bá yà á tán kí wọ́n tó fi ohùn sí i, nígbà míì ẹlòmíì ló máa sọ ọ̀rọ̀ sí òṣèré lẹ́nu. O lè ṣe fíìmù mẹ́wàá kí wọ́n má gbọ́ ohùn ẹ.

Ọdún 1988 yẹn náà ni dáírẹ́kítọ̀ kan tó ń ṣe fíìmù ẹ̀ àkọ́kọ́ pè é. Wong Kar-wai. Wong Kar-wai yìí gan-an, Shanghai ni wọ́n bí i sí, ọmọ ọdún márùn-ún ni nígbà tí wọ́n gbé e dé Hong Kong, kò gbọ́ Cantonese tí wọ́n ń sọ níbẹ̀. As Tears Go By lorúkọ fíìmù náà. Ipa kọ́sìn kan ló fún Maggie, ọmọbìnrin tó wá láti erékùṣù Lantau wá rí dókítà nígboro, ó dé ilé kọ́sìn ẹ̀ ọkùnrin tòun ti ìbomú lójú, bíi ti ìgbà Kòrónà. Ìwọ rò ó wò, obìnrin tí wọ́n ní ojú nìkan ló ní, wọ́n wá bo ìdajì ojú náà. Nígbà tó ń lọ sílé ó fi ìwé sílẹ̀ pé òun ti ra kọ́ọ̀pù tuntun sílé náà, òun sì ti tọ́jú ọ̀kan pamọ́, tí wọ́n bá fọ́ gbogbo ìyókù tán kó pe òun, òun á sọ ibi tó wà. Kò pariwo, kò fi kéèkì lu ẹnikẹ́ni. Òun fúnra ẹ̀ máa ń sọ pé ibẹ̀ lòun ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lóòótọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, 1991, dáírẹ́kítọ̀ míì, Stanley Kwan, gbé ipa Ruan Lingyu, òṣèrébìnrin ayé àtijọ́, fún un nínú Center Stage. Ruan Lingyu yìí, ìlú mọ̀ ọ́n ká ní Shanghai, ayé ìgbà tí fíìmù ò tíì máa sọ̀rọ̀, ojú àti ọwọ́ ló fi ń sọ gbogbo ẹ̀, 1935 ló pa ara ẹ̀, ọmọ ọdún 24 péré, lẹ́yìn tí àwọn oníwèé ìròyìn ti gbé ọ̀rọ̀ ilé ẹ̀ káàkiri ìgboro. Ìran kan wà níbẹ̀ tí mo ti wò tó ìgbà mẹ́wàá. Wọ́n ń ya ibi tí Ruan ti ń kú lọ lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, tó ń sunkún pé òun fẹ́ wà láyé. Wọ́n ní ó tó, wọ́n dá kámẹ́rà dúró, àmọ́ òun ò lè dá ẹkún dúró, ó fa aṣọ funfun yẹn borí, èjìká ẹ̀ ń gbọ̀n lábẹ́ ẹ̀. Dáírẹ́kítọ̀ inú ìtàn náà jókòó tì í, kò mọ ohun tó máa ṣe. Níbi tí omi ti ń bọ́ lójú mi lèmi náà ṣe gbọ́ ohùn Stanley Kwan fúnra ẹ̀ látẹ̀yìn, ó ń sọ fún Tony Leung Ka-fai tó ń ṣe dáírẹ́kítọ̀ yẹn pé o gbàgbé, ṣebí o yẹ kóo ṣí aṣọ wo Maggie. Maggie! Mo ti gbàgbé pátápátá pé òun ló wà lábẹ́ aṣọ yẹn. Kò sójú, kò sọ́rọ̀, èjìká lásán. Fáàsì wo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀?

Nínú fíìmù yẹn náà ló ti ń bọ́ látinú Cantonese sínú Mandarin, èdè ìjọba Ṣáínà, látinú Mandarin sínú èdè Shanghai, ọmọ Bromley o. Ní February 1992, níbi àjọ̀dún fíìmù Berlin, wọ́n fún un ní àwọ́ọ̀dù òṣèrébìnrin tó dáa jù, kò sí ọmọ Ṣáínà tó gbà á rí ṣáájú ẹ̀.

Èyí tí mo fẹ́ kóo lọ wò lónìí, àní tóo bá ka lẹ́tà yìí tán, ni Comrades: Almost a Love Story, 1996, Peter Chan ló ṣe é. Ibẹ̀ ni mo ti rí ẹ. Ó ṣe Li Qiao, ọmọbìnrin tó wá láti Guangzhou, ní Ṣáínà lókè Hong Kong, wá wáṣẹ́ ní Hong Kong. Àwọn ará Hong Kong máa ń fojú ará oko wo àwọn tó bá ti òkè ibẹ̀ sọ̀kalẹ̀ wá, àmọ́ òun gbọ́ Cantonese dáadáa, torí náà ó ń ṣe bí ọmọ Hong Kong, ó ń ta báàgà ní McDonald's, ó ń fi ọmọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ṣe yẹ̀yẹ́, bẹ́ẹ̀ òkè Ṣáínà yẹn náà làwọn méjèèjì ti wá. Ó wá di ọjọ́ àìsùn ọdún tuntun tiwọn, Li Qiao kó kásẹ́ẹ̀tì Teresa Teng wá sójà, olórin táwọn ará òkè ibẹ̀ fẹ́ràn bí ẹ̀mí wọn. Ó ti ṣírò owó tó máa pa. Òjò ń rọ̀, èèyàn ń kọjá, wọn ò rà á. Wọ́n fẹ́ ẹ o! Àmọ́ ẹni tó bá na ọwọ́ sí kásẹ́ẹ̀tì yẹn ti jẹ́wọ́ ibi tó ti wá nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ jẹ́wọ́. Mo dá a dúró níbẹ̀, mo lọ bu omi mu. Ojú ẹ ni mò ń rí, ọjọ́ kejì Kérésì, tí Màmá kí ẹ "ṣé o sùn dáadáa", tóo ní "yes, Grandma, I did".

Apá ìparí ẹ̀, wọ́n pè é kó wá wo òkú ọkùnrin tó ń bá gbé ní New York, ọ̀gá jàǹdùkú kan, táwọn ọmọ ìta pa. Àwọn ọlọ́pàá yí òkú náà padà, ó rí àwòrán Mickey Mouse lẹ́yìn ẹ̀, ọkùnrin yẹn ló lọ fín in nígbà kan kó lè pa á lẹ́rìn-ín, torí Li Qiao ti sọ pé ẹ̀rù Mickey Mouse nìkan ló ń ba òun. Li Qiao sì rẹ́rìn-ín lóòótọ́. Ẹ̀rín yẹn jáde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó wá ń bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀ lójú ẹ̀, o ò ní mọ ìgbà tó di ẹkún. Tóo bá fẹ́ kọ́ eré ṣíṣe, ìyẹn tó odindi ọdún kan nílé ẹ̀kọ́, ní tèmi o.

Àwọn ìyókù lókìkí jùyẹn lọ. In the Mood for Love, 2000, oṣù 15 ni wọ́n fi yà á, cheongsam, aṣọ obìnrin Ṣáínà, tó wọ̀ níbẹ̀ lé ní ogún, kọ́là ẹ̀ ga débi pé kò lè tẹ orí ba, ó ń gbé kúlà kékeré sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn lọ ra núdùlù (kì í ṣe Indomie). Gbogbo ayé ń sọ̀rọ̀ aṣọ. Èmi, ìyá onílé inú ẹ̀ ni mò ń gbọ́. Ìyá yẹn ń fi èdè Shanghai bá a sọ̀rọ̀, òun ń fi Cantonese dá a lóhùn, wọ́n ń bára wọn ṣe ẹ kú àárọ̀ ẹ kú alẹ́, ọ̀rọ̀ ń lọ geere. Lọ́dún 2004 ó ṣe Clean, òyìnbó àti Faransé àti Cantonese ló sọ nínú ẹ̀, ìyẹn ló fi gba àwọ́ọ̀dù òṣèrébìnrin tó dáa jù níbi àjọ̀dún fíìmù Cannes ní Faransé, òun sì ni ọmọ Éṣíà àkọ́kọ́ tó gbà á. Kò tíì pé ogójì ọdún, fíìmù tó ti ṣe lé ní 70. Lẹ́yìn ìyẹn ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa eré tì pátápátá. Wọ́n bẹ̀ ẹ́, kò dáhùn. Ó ń dùn mí, àmọ́ ẹnu ẹ̀ ni, owó ẹ̀ ni.

Lọ́dún 2014 ló jáde pé òun fẹ́ kọrin. Ó gorí ìtàgé ní Shanghai, orin náà ya kúrò lójú ọ̀nà, gbogbo Ṣáínà fi í ṣe ẹlẹ́yà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo wò ó lórí YouTube, mi ò ní parọ́ fún ẹ, kò dùn. Nígbà tó dé Beijing ní ọjọ́ díẹ̀ sígbà yẹn, ó sọ fún èrò níbẹ̀ pé òun ṣe fíìmù ogún tán wọ́n ṣì ń pe òun ní fáàsì, torí náà kí wọ́n fún òun láàyè ogún nídìí orin náà. Ó sì tún kọ ọ́.

Àwọn ará Èkó yẹn, bàbá ẹ ní wọn ò tíì rí ẹlòmíì. Èmi ò ní kí o lọ, èmi ò ní kí o má lọ, mi ò lẹ́nu níbẹ̀ mọ́. Àmọ́ ọmọ tó ti ìlú òyìnbó dé kọ́ ni wọ́n ń wá ni? Ẹnu wo ni wọ́n fẹ́ kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní?

Nǹkan kan wà tí mo parọ́ ẹ̀ lókè. Mo ní gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Màmá ò rẹ́rìn-ín. Àná ni mo bi í, mo ní ṣé ẹ rántí ọjọ́ tí Àdùkẹ́ ní òun ti yọ́, ó wò mí bíi pé mi ò ní làákàyè, ó ní kí ló wà ńbẹ̀ tí mo fi ń rẹ́rìn-ín, ṣebí ọmọ ní òun ò jẹ mọ́, òun sì gbé iyán òun kúrò.

Ó ní kóo pe òun.

Àǹtí ẹ, n'Íbàdàn.