Ẹ̀gbọ́n mi, ìgbín kọ́ ló jẹ owó páànù

Manchester,
Oṣù Òkúdù.

Ẹ̀gbọ́n mi,

Òkun o. Ẹ kú ilé, ẹ kú ìtọ́jú Màmá, ẹ kú òjò. Ara wa le, Tóbi ọmọ mi ń kí yín. Mo gbọ́ gbogbo ohùn tí ẹ fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹbí, títí dé èyí tí ẹ fi ariwo parí. Ẹ ní kí n má fi ohùn fèsì, kí n kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ lè kà á sétí Màmá àti gbogbo ilé. Ó dáa. Ẹ ṣáà kà á tán o, ẹ má dúró síbi tó bá dùn mọ́ yín.

N kò bínú. Ẹ ní mò ń rìn kiri nínú òjò bí ẹni tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́, ẹ sì ní mò ń fi owó bọ́ ìgbín nígbà tí òjò ń jò lé Màmá lórí ní Ẹ̀kìnrìn-Adé. Fídíò wa kan ṣoṣo nínú òjò lẹ wò, lẹ bá dá ẹjọ́.

Ọ̀rọ̀ òjò kò gùn. Ní ìlú yìí, bí ènìyàn bá ní kí òjò dá kí òun tó jáde, inú ilé ni yóò gbó sí. Òjò tiwa á sán ààrá, á rọ̀, á sì dá. Tibí á máa ṣẹ̀ wínníwínní láti òwúrọ̀ dalẹ́. Ilé tí mo gbà kò fẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́jọ kò sì ṣeé tì mọ́ yàrá láti àárọ̀ Sátidé. Bí n kò bá ti lọ síbi iṣẹ́, a ó wọ bàtà rọ́bà, a ó gba etí odò Mersey lọ sí Chorlton Water Park, a ó yí adágún omi ibẹ̀ po, a ó padà sílé. Ẹnikẹ́ni kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa. Ẹ̀wù òjò tí ẹ ní ó jọ ti olówó yẹn, ẹlòmíì ló ti wọ̀ ọ́ kí n tó rà á ní ṣọ́ọ̀bù àwọn aláàánú.

Ìgbín ni Tóbi ń wá kiri nínú òjò. Ti etí odò yẹn kò ju orí ìka lọ. Á ṣí ewé, á wò ó, á fi ewé bò ó padà. Èmi ni mo kọ́ ọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin náà sì mọ ẹni tó kọ́ èmi. Lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀, Bàbá á mú tọ́ọ̀ṣì, àwa méjèèjì á tẹ̀ lé e wọ abẹ́ kòkó. Ẹni tó bá mú kékeré, Bàbá á ní kó lọ dá a padà síbi tó ti mú un. Ẹ rántí igbe tí ẹ ké lọ́jọ́ tí wọ́n ní kí ẹ dá ti inú fìlà yín padà?

Màmá sọ fún mi lórí fóònù pé òun kò rí ìgbín kankan lóko lọ́dún tó kọjá. Ẹ̀gbọ́n, ta ló ń fọ́n oògùn apakoríko sábẹ́ kaṣú? Ta ló ń jẹ́ kí wọ́n tiná bọ igbó ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn? Ìgbín kò lẹ́sẹ̀ tí yóò fi sá fún iná. Mo kàn ń béèrè ni.

Ẹ gbọ́ ti ìgbín inú ilé wàyí. N kò rà á. Kíláàsì Tóbi ló ń sìn ín. Nígbà tí sáà parí, tíṣà wọn wá ẹni tí yóò gbà á, ọmọ sì ti nawọ́. Màmá béèrè bóyá irú tiwa ni. Rárá. Tiwa sanra, ìdí ìkarahun rẹ̀ sì ṣe róbótó. Ti Tóbi gùn, ó ṣe ṣóńṣó, ìlà oòrùn Áfíríkà ni ìran rẹ̀ ti ṣẹ̀ wá. Ẹyin tiwa tóbi, wọn kì í sì pọ̀. Èyí lè yé ju ọgọ́rùn-ún lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ yín ti bà mí lẹ́rù, tí ẹ ní kí n kúkú máa sìn ín tà, pé àwọn ará wa ní ibí á du ú rà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ mí di ẹlẹ́jọ́. Ìjọba ibí kò kọ̀ kí ènìyàn sìn ín sínú ilé, kò sí ìwé àṣẹ tí a ń gbà. Ṣùgbọ́n òfin kan wà láti 1981 tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú ẹranko tí kì í ṣe ti ilẹ̀ wọn sí ìta. Ẹyin yòówù tí a bá rí nínú yẹ̀pẹ̀ rẹ̀, inú fíríìsà la ń kó o sí kí a tó dà á nù. Amẹ́ríkà tiẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹyọ kan pàápàá ẹ kò gbọdọ̀ ní. Ní 1966, ọmọkùnrin kan kó mẹ́ta láti Hawaii wọ Miami, ìyá àgbà rẹ̀ sì tú wọn sínú ọgbà. Lẹ́yìn ọdún méje, wọ́n ti lé ní 18,000. Ó ju mílíọ̀nù kan dọ́là lọ, dọ́là ayé ìgbà yẹn, tí ìjọba Florida ná kí wọ́n tó rí ẹ̀yìn wọn, wọ́n sì tún rí òmíràn ní 2011. Ṣé èmi lẹ fẹ́ kí wọ́n wá mú nítorí ọbẹ̀?

Ẹ ní mò ń fi owó bọ́ ọ. Kí ló ń jẹ? Èèpo kùkúńbà, ewé tó ti ń rọ, kárọ́ọ̀tì tí ọmọ jẹ kù. Ohun tí mo ń rà fún un ni egungun funfun kan tí wọ́n ń tà fún àwọn tó ń sin ẹyẹ. Ó ń rá a kí ìkarahun rẹ̀ lè le, ẹyọ kan sì ń pẹ́ gan-an. Kò tó owó dátà tí ẹ fi bú mi. Bí ilé bá dákẹ́ lálẹ́, ẹ ó máa gbọ́ ọ bó ṣe ń ha á kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́. Bó bá jẹ kárọ́ọ̀tì, ìgbẹ́ rẹ̀ á pọ́n roro. Bó bá jẹ ewé, ìgbẹ́ náà á di àwọ̀ ewé. Ìgbà tí mo bá ń jẹun lọ́wọ́ ni Tóbi máa ń pè mí pé kí n wá wò ó.

Nígbà òtútù, mo dín iná tó ń mú ilé gbóná kù nítorí owó, àfi bí ìgbín ṣe wọnú ìkarahun tó dínà pa. Tóbi sunkún, ó ní ó ti kú. Mo ní kó dákẹ́, bí ti ilé ṣe ń ṣe nígbà ọyẹ́ nìyẹn, á fi awọ funfun bo ẹnu títí òjò yóò fi dé. Mo wọ́n omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ sí i, mo gbé e kúrò níbi tútù. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti ń rìn lára dígí. Tíṣà gan-an kò mọ ìyẹn.

Ẹ bá mi sọ fún àwọn ọmọ yín náà: bí wọ́n bá ti fọwọ́ kan ìgbín, kí wọ́n fi ọṣẹ fọwọ́, kí wọ́n sì sè é jinná dáadáa. Aràn kan wà tó ń ti ara eku wọ ara ìgbín, ó sì lè ṣe ènìyàn ní jàǹbá dé ọpọlọ. Àti alàgbà tó ń bi Màmá ní ṣọ́ọ̀ṣì bóyá mo ti ń bọ Ọbàtálá ní Ìlú Ọba, ẹ bá mi kí i. Ẹ ní mo ṣì ń san ìdámẹ́wàá.

Ó ku owó. Ẹ sọ pé láti ìgbà tí náírà ti já wálẹ̀ ní 2023, pọ́n-ùn tèmi ti di òkè. Ẹ̀gbọ́n, náírà kọ́ ni mo fi ń san owó ilé. Físà wa fẹ́ parí, owó ìlera tí ìjọba ibí ń gbà mọ́ físà nìkan, láìtíì ka owó fọ́ọ̀mù, jẹ́ 1,035 pọ́n-ùn lọ́dún fún àgbà, 776 fún ọmọdé, wọn kì í sì gbà á díẹ̀díẹ̀. Bó bá jẹ́ ti ọdún mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀kan náà ni a ó kó 5,433 pọ́n-ùn sílẹ̀. Òun ló fà á tí mo fi dákẹ́ láti Ẹ̀bìbì. N kò gbàgbé ilé. N kò gbàgbé Màmá.

Ṣùgbọ́n mo fi owó páànù ránṣẹ́ ní Ẹrẹ́nà, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ ní ẹ ti bá ẹni tó ń ta páànù ní Kábà sọ̀rọ̀, pé ó kù kó gbé e wá. Òkúdù la wà yìí. Màmá ní bákẹ́ẹ̀tì ṣì wà ní pálọ̀, òun sì ń sùn ní yàrá ẹ̀yìn. Mo bi òun pé ṣé páànù ti wà ní àgbàlá, ó ní kí n bi yín. Mo ń bi yín nìyẹn. Ìdì mélòó lẹ rà? Níbo ló wà? Rìsíìtì dà? Bí ẹ bá fi owó náà ṣe nǹkan mìíràn, ẹ wí, ọmọ ìyá ni wá. N kò bínú.

Owó káfíńtà àti ìṣó á dé ní ìparí oṣù yìí, mo ti yọ ọ́ sọ́tọ̀. Kò ní gba ọwọ́ yín kọjá, ẹ má bínú sí mi. Ẹ fi nọ́ńbà àkáǹtì káfíńtà ránṣẹ́, ti káfíńtà fúnra rẹ̀ o, kì í ṣe ti ọ̀rẹ́ yín. Kí Fúnkẹ́ tó fẹ́ràn fídíò sì ya páànù náà fún mi kí n rí i.

Ẹ bá mi kí ìyàwó yín.

Èmi ni àbúrò yín,
Bọ́sẹ̀