Àwa tá a gbé ẹ̀pà lọ síbẹ̀ ńkọ́?

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Mo ka ohun tí ẹ kọ nípa àwọn tó ń mú èèyàn fẹsẹ̀ rìn káàkiri Èkó, tí wọ́n ń fi ibi tí ìwà ọ̀daràn ayé àtijọ́ ti wáyé hàn wọ́n. Ẹ yìn wọ́n gan-an. Èmi náà bá irú wọn rìn lóṣù tó kọjá. Ọmọ-ọmọ mi tó ti Ìbàdàn wá ló sanwó fún wa.

Ká má purọ́, ọ̀dọ́mọkùnrin tó mú wa rìn mọṣẹ́. Ní Freedom Park, ó ṣàlàyé pé ọgbà ẹ̀wọ̀n táwọn òyìnbó kọ́ ní 1882 ni, amọ̀ sì ni ògiri rẹ̀ kí wọ́n tó kó bíríkì wá láti ìlú wọn. Ó ní orí ìtàgé tí wọ́n ti ń kọrin lónìí, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń yẹgi fáwọn tí ilé ẹjọ́ dájọ́ ikú fún. Ní mùsíọ́ọ̀mù Oníkan, ọkọ̀ Mercedes tí wọ́n pa Ọ̀gágun Murtala Muhammed sí ní February 13, 1976 pa gbogbo wa lẹ́nu mọ́. Ihò ọta ìbọn ṣì wà lára rẹ̀.

Àfìgbà tó kan Ishola Oyenusi, adigunjalè tó ń pe ara rẹ̀ ní dókítà. Bí ọmọ yìí ṣe ń sọ ọ́, bíi fíìmù ni: bí ọkùnrin náà ṣe rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi so ó mọ́ òpó láti yìnbọn pa á ní Bar Beach, létí òkun Èkó, ní September 8, 1971. Àwọn ọ̀dọ́ pàtẹ́wọ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún olè! Kò sì sẹ́ni tó dárúkọ ọlọ́pàá tó kú nínú olè tí wọ́n jà n'Íkẹjà.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí lọ́jọ́ náà. Ogun abẹ́lé ti parí, ìbọn kún ìgboro, ìjọba Gowon sì ti ṣòfin pé kí wọ́n máa yìnbọn pa adigunjalè. Bar Beach Show là ń pe bí wọ́n ṣe ń yìnbọn pa wọ́n níṣojú èrò létí òkun. Ìyá mi, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, ti yan ẹ̀pà lóru. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tá a fi gbéra ní Láfíàjì, àtẹ lórí ìyá, ìgò lọ́wọ́ mi. A ò rìn dé etí òkun tí èrò fi gbà wá. Ọkùnrin kan ra ẹ̀pà tọ́rọ́, ó mú ṣílè wá, ìyá mi ò ní ṣéńjì. Ẹnu ìyẹn ni wọ́n wà tí ìbọn fi dún. Ariwo sọ. Nígbà tó rọlẹ̀, ọkùnrin náà ṣì na ọwọ́ sílẹ̀, ó ń dúró de ṣéńjì ẹ̀.

A tà á tán lọ́jọ́ náà.

Ohun tí mo fẹ́ káwọn tó ń mú èèyàn rìn máa sọ nìyẹn: àwa tá a wá wòran, tá a gbé ọmọ pọ̀n wá, tá a jẹun níbẹ̀. Ìlú tuntun tí wọ́n ń pè ní Eko Atlantic ti wà níbi tí yanrìn yẹn wà báyìí, ẹ ò lè fi nǹkan kan hàn wọ́n. Ṣùgbọ́n àwa àgbà ṣì pọ̀ ní Láfíàjì àti Ọ̀bàlendé. Ẹ wá bi wá.

Nígbà tá a rìn tán tá a ń tú ká, mo sọ fún ọmọ tó mú wa rìn pé mo wà ní Bar Beach lọ́jọ́ náà. Ojú ẹ̀ là. “Mama, ṣé ẹ rí Oyenusi ni?”

Mo ní rárá, ẹ̀yìn ọkùnrin tó dúró síwájú mi ni mo rí.

Ìyá àgbà kan,
Láfíàjì, Èkó.