Kì í ṣe iwin ni wọ́n ń gbé oúnjẹ fún ní New Orleans

Sí Olóòtú,

Mo ka àpilẹ̀kọ tí ẹ gbé jáde ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá nípa ilé oúnjẹ kan ní ìlú New Orleans, níbi tí wọ́n ti máa ń tẹ́ tábìlì sílẹ̀ fún òkú ní alaalẹ́. Mo kọ́kọ́ bá akọ̀ròyìn yín rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́ lẹ́nu mi, nítorí mo ti jẹun nínú ilé náà rí, ó sì dà bíi pé ẹ̀gbẹ́ ọ̀rọ̀ ni akọ̀ròyìn yín gbà kọjá.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tún ọ̀rọ̀ kan ṣe. Àpilẹ̀kọ náà pe ohun tó wà nínú ilé yẹn ní iwin. Níbi tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, iwin kì í ṣe ẹni tó ti kú. Inú igbó àti inú igi ìrókò ni iwin ń gbé, kò ní ìyá tàbí bàbá nínú ọmọ ènìyàn, ẹnikẹ́ni kò sì sìnkú rẹ̀ rí. Ẹni tó bá kú, tí wọ́n tún wá rí i ní ìlú mìíràn tó ń tajà, tó tún ti bímọ, àkúdàáyà nìyẹn. Èyí tí wọ́n ń wí ní New Orleans, òkú tí kò kúrò nílé ni, ó sì lórúkọ: Pierre Antoine Lepardi Jourdan.

Muriel's ni wọ́n ń pe ilé oúnjẹ náà. Ó wà ní ojúlé 801, òpópónà Chartres, ní igun ojúde Jackson Square. Ọdún 2001 ni wọ́n ṣí i, ṣùgbọ́n àdúgbò náà ti rí nǹkan tipẹ́. Ní ọjọ́ Ẹtì Rere, 21 oṣù Kẹta, ọdún 1788, nígbà tí ìlú náà wà lábẹ́ ìjọba Sípéènì, àbẹ́là tí wọ́n tàn síwájú pẹpẹ nínú ilé kan ní òpópónà Chartres yìí kan náà ló dá iná sílẹ̀, ilé 856 ló sì jóná lọ́jọ́ náà. Ìtàn tí ilé oúnjẹ náà ń sọ ni pé Jourdan ra ilé tí iná ti bà jẹ́, ó tún un kọ́, ó sì fẹ́ràn rẹ̀ bí ojú. Pé ní ọdún 1814 ó fi ilé náà ta tẹ́tẹ́ káàdì, wọ́n jẹ ẹ́, kó sì tó di pé ó kó ẹrù jáde, ó gba ẹ̀mí ara rẹ̀ ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì.

Mo rí tábìlì rẹ̀. Búrẹ́dì wà nínú àwo, wáìnì wà nínú ife, àga sì ṣófo. Wọ́n ní ife a máa fò nígbà mìíràn láti ẹ̀yìn káńtà lọ fọ́ mọ́ ògiri, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó fò lójú tèmi. Ohun tí mo rí ni ọmọkùnrin tó ń gbé oúnjẹ fún wa, tó jẹ́ pé ní gbogbo ìgbà tó bá ń kọjá, ńṣe ló ń yà fún tábìlì náà díẹ̀, bí ẹni tó ń yà fún àgbàlagbà tó ń jẹun.

Akọ̀ròyìn yín ní eré ọmọdé ni. Ta ni nínú wa tí kò rí àgbà tó da omi díẹ̀ sílẹ̀ kó tó mu? Ìyá ìyá tèmi kì í pa ìsìn ọjọ́ Ìsinmi jẹ, síbẹ̀ kò jẹ iṣu tuntun rí láì kọ́kọ́ bu díẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí wọ́n sin bàbá rẹ̀ sí. Bó bá jẹ́ ẹ̀rín la fẹ́ rín, ibòmíràn ló wà: nílé wa, ẹni tó bá pa ara rẹ̀, wọn kì í sin ín sílé, wọn kì í sì í pè é mọ́ àwọn baba ńlá, áḿbọ̀ǹtórí kí wọ́n máa bu wáìnì fún un lálaalẹ́. Ká tún wá sọ pé ó fi ilé ta tẹ́tẹ́!

Èyí tó dùn mí gan-an ni gbólóhùn kan tó sáré gba àárín àpilẹ̀kọ yín kọjá, pé ibi tí Jourdan kú sí, ibùgbé àwọn ẹrú ni tẹ́lẹ̀. Ilé oúnjẹ náà kò fi èyí pamọ́. Ṣùgbọ́n akọ̀ròyìn yín fi í síbẹ̀, ó padà sídìí ife tó ń fò. Ní Louisiana, láyé ìjọba Faransé àti ti Sípéènì, àwọn akọ̀wé a máa kọ ẹ̀yà ẹrú mọ́ orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ìtajà àti ìwé ogún. Wolof wà níbẹ̀, Bambara wà níbẹ̀, Kóńgò wà níbẹ̀, Nàgó náà sì wà níbẹ̀, èyí tí í ṣe orúkọ tí wọ́n ń pe àwa Yorùbá. N kò sọ pé Nàgó kan sùn nínú yàrá yẹn. Ohun tí mò ń sọ ni pé ìwé ìròyìn tí a ń fi èdè Nàgó kọ kò gbọdọ̀ rí ọ̀rọ̀ “ẹrú” kó fò ó dá.

Bí ẹ bá tún fẹ́ kọ nípa ilé náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ife tó ń fò sílẹ̀ fún àwọn tó ń mú àlejò rìn kiri ìlú lóru, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti yàrá òkè. Iṣẹ́ náà kò ṣòro bí ẹ ṣe rò. Òpìtàn Gwendolyn Midlo Hall ti kó àkọsílẹ̀ àwọn ẹrú Louisiana tó lé ní 100,000 jọ, láti ọdún 1719 sí 1820: orúkọ, ọjọ́ orí, iṣẹ́ ọwọ́, àìsàn, iye owó tí wọ́n rà wọ́n. Ẹ ṣa àwọn Nàgó inú rẹ̀ jáde, kí ẹ tẹ orúkọ wọn sí ojú ewé tí ẹ fún Jourdan lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Èmi ni òǹkàwé yín,
láti Houston, ìpínlẹ̀ Texas.