Kí ni pásíwọ́ọ̀dù mi ṣe fún yín?

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín kí n tó fi ìbínú fọ́ kọ̀ǹpútà tí mo fi ń kọ lẹ́tà yìí. Lánàá òde yìí ni mo fẹ́ wọ orí ìkànnì ilé iṣẹ́ ìjọba kan láti tún àdírẹ́sì mi ṣe, nítorí mo ti kó kúrò níbi tí mò ń gbé tẹ́lẹ̀. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú méjì ni. Mo tẹ orúkọ mi, mo tẹ pásíwọ́ọ̀dù mi, n kò ṣi lẹ́tà kan tẹ̀. Ni wọ́n bá ní àádọ́rùn-ún ọjọ́ ti pé, pásíwọ́ọ̀dù náà kò ṣiṣẹ́ mọ́, kí n yan òmíràn. Ṣé oògùn ni, tó fi ní ọjọ́ tó máa bàjẹ́? Kí ló ṣe? Ẹnikẹ́ni kò jí i, n kò fi han ẹnikẹ́ni, kò sì ṣẹ ẹnikẹ́ni.

Mo ní kò burú, mo yan òmíràn. Wọ́n ní ó kúrú. Mo fà á gùn, wọ́n ní kò gbọdọ̀ ju lẹ́tà 12 lọ. Mo gé e, wọ́n ní lẹ́tà ńlá dà? Mo fi lẹ́tà ńlá sí i, wọ́n ní nọ́ńbà ńkọ́? Mo fi nọ́ńbà sí i, wọ́n ní ó ku àmì. Mo fi àmì sí i, wọ́n ní irú àmì yẹn kọ́. Nígbà tí mo fi máa to gbogbo rẹ̀ pọ̀ tán, ohun tí mo kọ ti dà bí ìgbà tí ológbò bá sáré kọjá lórí kíbọọ̀dù. Síbẹ̀, wọ́n tún ní ó jọ èyí tí mo lò lọ́dún tó kọjá jù.

Ibẹ̀ ni mo ti dáwọ́ dúró. Ó jọ ọ́ báwo? Ẹ̀yin tí ẹ ń búra pé kò sí ẹ̀dá kankan lọ́dọ̀ yín tó mọ pásíwọ́ọ̀dù mi, ta ló wá ta yín lólobó pé ti òní jọ ti èṣí?

Wọ́n tì mí síta. Ọ̀nà kan ṣoṣo tó kù ni ibi tí wọ́n kọ "Mo ti gbàgbé" sí. N kò gbàgbé o, ẹ jọ̀wọ́ ẹ gbà mí gbọ́, àmọ́ kò síbi tí wọ́n kọ "Ẹ̀yin lẹ ń yọ mí lẹ́nu" sí, ni mo bá tẹ ti ìgbàgbé. Wọ́n béèrè orúkọ ajá tí mo kọ́kọ́ sìn. Èmi kò sin ajá rí, ẹ̀rù ajá ń bà mí láti kékeré. Lọ́jọ́ tí mo fi orúkọ sílẹ̀, wọn kò jẹ́ kí n kọjá láìdáhùn ìbéèrè yẹn, ni mo bá fi ẹnu ara mi ṣẹ̀dá ajá kan, mo sì sọ ọ́ lórúkọ. Ẹ wá wò ó, mo ti wá gbàgbé orúkọ ajá tí kò wáyé rí! Wọ́n ní àwọn máa fi kóòdù ránṣẹ́ sórí fóònù mi, pé ìṣẹ́jú 10 ni kóòdù náà fi máa ṣiṣẹ́. Ìṣẹ́jú kejìlá ló dé.

Ìdí nìyẹn tí mo fi gbé ara mi lọ síbẹ̀ láàárọ̀ yìí. Ọmọ tó dá mi lóhùn lẹ́yìn káńtà kì í ṣe ọmọ burúkú. Ó kí mi dáadáa, ó ní kí n jókòó. Ó wá bi mí pé, "Ṣé kì í ṣe pé ẹ kọ pásíwọ́ọ̀dù yín sórí bébà, Bàbá? Kò dáa o." Bó ṣe ń sọ ọ́ ni mò ń wo bébà pélébé aláwọ̀ yẹ́lò tó lẹ̀ mọ́ etí kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Pásíwọ́ọ̀dù ló wà níbẹ̀, gbàgàdà, 7 ló sì parí rẹ̀. Mo ní, "Ọmọ mi, kí ni ti 7 yẹn?" Ojú tì í díẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀ẹ̀keje tí wọ́n ní ká yí i padà nìyẹn, Bàbá."

N kò bá a wí. Bí gbogbo wa ṣe ń ṣe é nìyẹn. Tó bá tún yá, á di 8. Olè tó bá ti mọ 7, ṣé 8 ló máa rú u lójú? Kí ẹ má ba à rò pé àròsọ àgbà ni, àwọn olùwádìí kan ní Yunifásítì North Carolina gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò ní ọdún 2010. Àkáǹtì tó lé ní 7,700, tí wọ́n ti fi dandan mú àwọn tó ni wọ́n láti máa yí pásíwọ́ọ̀dù padà, ni wọ́n lò. Nínú 100 pásíwọ́ọ̀dù, bí 41 ni wọ́n ti ara èyí tí ẹni náà lò tẹ́lẹ̀ mọ tuntun láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. A jẹ́ pé làálàá lásán la ń ṣe.

Èyí tó tilẹ̀ ń dùn mí jù ni pé ẹni tó kọ òfin yìí ti kábàámọ̀. Bill Burr lorúkọ rẹ̀, òṣìṣẹ́ àjọ NIST tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìlànà àti òṣùwọ̀n ní Amẹ́ríkà. Òun ló kọ ọ́ ní 2003 pé kí àwọn èèyàn máa da lẹ́tà ńlá, nọ́ńbà àti àmì pọ̀, kí wọ́n sì máa yí pásíwọ́ọ̀dù padà látìgbàdégbà. Gbogbo ayé gbé e, wọ́n sọ ọ́ di òfin. Ní 2017, lẹ́yìn tí bàbá náà ti fẹ̀yìn tì, ó sọ fún oníròyìn pé òun kábàámọ̀ púpọ̀ nínú ohun tí òun kọ. Lọ́dún yẹn kan náà, NIST fúnra rẹ̀ gbé ìlànà tuntun jáde pé kí wọ́n má fi dandan mú ẹnikẹ́ni yí pásíwọ́ọ̀dù padà mọ́, àfi tí ẹ̀rí bá wà pé ó ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ní 2019, Microsoft náà yọ ọ́ kúrò nínú ìlànà ààbò tí wọ́n ń dá fún àwọn tó ń lo Windows. Ẹni tó gbin igi ti ní kí wọ́n gé e. Àwọn ọ̀gá tiwa ṣì ń bomi rin ín.

Àwọn ọ̀gá wọ̀nyí gan-an ló ń yà mí lẹ́nu. Àwọn tó ní kí n yí padà ní gbogbo àádọ́rùn-ún ọjọ́, àwọn kì í yí. Ìlérí tí wọ́n ṣe nígbà ìbò tó kọjá náà ni wọ́n tún ń ṣe nígbà yìí, wọn kò tilẹ̀ fi nọ́ńbà kan kún un.

Ta ló sì ń jẹ́ kí olè wọlé? Ṣé èmi ni? Ní 1962, nígbà tí pásíwọ́ọ̀dù orí kọ̀ǹpútà ṣì jẹ́ ohun tuntun ní MIT, yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń jẹ́ Allan Scherr fẹ́ lo ẹ̀rọ náà ju àkókò tí wọ́n fún un lọ. Kò já ti ẹnì kankan gbà, kò fọ́ nǹkan kan. Ibi tí wọ́n kó pásíwọ́ọ̀dù gbogbo èèyàn pa mọ́ sí ló ní kí ẹ̀rọ tẹ̀ jáde sórí bébà fún òun, ẹ̀rọ sì tẹ̀ ẹ́ fún un. Ní 2013, olè wọ ilé Yahoo, bílíọ̀nù 3 àkáǹtì ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Ó di 2017 kí ilé iṣẹ́ náà tó sọ iye yẹn síta. Láti ẹ̀yìnkùlé àwọn tó ń tọ́jú ẹrù ni wọ́n ti ń kó o, èmi tí mo wà ní ojúde ni wọ́n ń ní kó pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á kọ̀wé sí wa pé ààbò wa jẹ àwọn lógún. Ó tilẹ̀ sàn kí wọ́n ní kí n yí i padà lọ́jọ́ tí olè bá wọlé, nítorí ìdí wà níbẹ̀. Àádọ́rùn-ún ọjọ́ kì í ṣe ìdí.

Ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n ṣe kò le. Kí wọ́n jẹ́ kí èèyàn fi gbólóhùn gígùn ṣe pásíwọ́ọ̀dù, kó sì fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí ìdí máa fi wà láti pààrọ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ bíi mẹ́rin tàbí márùn-ún tí kò bá ara wọn tan, irú èyí tí á pa èèyàn lẹ́rìn-ín débi pé kò ní gbàgbé: àga ń hanrun, ìjàpá ń gun kẹ̀kẹ́. (Ẹ má lo èyí o, mo ti kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn báyìí.) Gígùn yẹn ló ń yọ olè lẹ́nu ju àmì ìyanu (!) kan tí wọ́n fi sẹ́yìn ọ̀rọ̀ kúkúrú lọ. Ìlànà 2017 yẹn ní ó kéré tán kí wọ́n gba lẹ́tà 64. Àwọn tiwa dúró lórí 12. Ó ní kí wọ́n gba àlàfo láàárín ọ̀rọ̀, ó sì ní ó yẹ kí wọ́n gba lẹ́tà èdè yòówù. Lánàá, mo fi Yorùbá tó ní àmì ohùn dán an wò, wọ́n ní àmì tí kò bófin mu ni. Láti ìgbà wo ni èdè ìyá mi ti di arúfin? Bí wọ́n bá sì fẹ́ ṣọ́ wa ní tòótọ́, àkójọ àwọn pásíwọ́ọ̀dù tí olè ti jí rí wà káàkiri. Kí ẹ̀rọ wọn máa fi tèmi wé èyí tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí mo bá yàn án, kó kọ̀ ọ́ bó bá bá a níbẹ̀, ká parí ọ̀rọ̀. Iṣẹ́ ẹ̀rọ nìyẹn. Kì í rẹ ẹ̀rọ.

Kí wọ́n jẹ́ ká lè ṣe àdàkọ pásíwọ́ọ̀dù tí a ti kọ síbòmíràn, ká lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú àpótí tí wọ́n ní ká kọ ọ́ sí, dípò ká máa tẹ̀ ẹ́ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Kí kóòdù wọn pẹ́ ju ìṣẹ́jú 10 lọ. Kí wọ́n fi ajá sílẹ̀.

Bí mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí, wọn kò tíì ṣí àkáǹtì mi. Ọmọ inú káńtà ní òun kò láṣẹ láti ṣe é lójú ẹsẹ̀, nítorí ààbò, àmọ́ kí n fọkàn balẹ̀, wọ́n máa fi kóòdù tuntun ránṣẹ́ sí mi nípasẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́. Mo ní sí àdírẹ́sì wo? Ó wo ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó kà á sí mi létí. Àdírẹ́sì àtijọ́ ni.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín tí wọ́n tì síta